Kí A Tó Ju Ṣáàfù Ògbólógbòó Nù

Irin kan wà lábẹ́ ọkọ̀ tí ọ̀pọ̀ onímọ́tò kì í rántí àfi ọjọ́ tó bá pariwo. Irin náà ni ṣáàfù iwájú, èyí tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì láti inú dífù lọ bá táyà. Lórí pikọ́ọ̀pù tàbí jíìpù tó ti lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún lójú ọ̀nà, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí mẹkáníìkì yóò jáde lábẹ́ ọkọ̀, tí yóò nu ọwọ́, tí yóò ní, "Ọ̀gá, ṣáàfù yín ti lọ," tí yóò sì dá iye odidi ṣáàfù méjì lé onímọ́tò lórí. Èrò tèmi lórí ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro láti sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àlàyé rẹ̀ gùn díẹ̀: ní ilẹ̀ wa níbí, níbi tí iṣẹ́ ọwọ́ ti rọjú ju irin òkèèrè lọ fíìfíì, ṣáàfù tí ilé iṣẹ́ fi sára ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ gbà là. Ìpààrọ̀ ló yẹ kó kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìgbàlà yẹn ní àsìkò, bí àsìkò rẹ̀ bá sì ti kọjá, gbogbo owó àtúnṣe di ìnákúnàá.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ tí irin náà ń ṣe. Dífù dúró gbọn-in sójú kan lábẹ́ ọkọ̀, ṣùgbọ́n táyà tó ń yí kò dúró: ó ń yà sọ́tùn-ún, ó ń yà sósì, ó ń gòkè, ó ń sọ̀ bí kòtò bá ṣe ń gbé e. Kúrọ́ọ̀sì tó wà lórí ṣáàfù gígùn tó lọ sẹ́yìn ọkọ̀ kò lè ṣe irú iṣẹ́ yìí dáadáa, nítorí pé bó bá ti tẹ̀, yíyí rẹ̀ kì í dọ́gba mọ́. Bó bá tẹ̀ tó dígírì 30, ìyára tó ń fi jáde yóò máa já sí bí ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún ìyára tó wọlé, yóò sì tún fò sókè sí bí ìdá 115, ẹ̀ẹ̀mejì nínú ìyípo ẹyọ kan. Bí táyà iwájú bá ń gba irú agbára bẹ́ẹ̀, sítíárìn yóò máa gbọ̀n lọ́wọ́ awakọ̀ ní gbogbo kọ́nà. Alfred Rzeppa, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní ilé iṣẹ́ Ford ní Amẹ́ríkà, wá ojútùú kan fún un ní ìparí àwọn ọdún 1920: bọ́ọ̀lù irin mẹ́fà tí wọ́n jókòó sínú ipa tí a gbẹ́ sára irin méjì, ọ̀kan nínú èkejì, tí àgò irin kan sì kó wọn pọ̀ kí wọ́n lè máa dúró sí ìdajì ìtẹ̀ náà nígbà gbogbo. Nítorí pé ìdajì gan-an ni wọ́n ń dúró sí, ìyára tó wọlé náà ló ń jáde. Ó tó ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà kí ọgbọ́n yìí tó dé ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù. Ọkọ̀ kékeré Mini tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 1959 ló mú un wọ́pọ̀. Èyí ni jọ́ìntì ìta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní CV joint. Ti inú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dífù, sábà máa ń ní rólà mẹ́ta dípò bọ́ọ̀lù mẹ́fà, ó sì ń sún wọlé, ó ń sún jáde, nítorí pé bí táyà ṣe ń gòkè tó ń sọ̀, bẹ́ẹ̀ ni gígùn tí ṣáàfù nílò ń yí padà.

Kò sí óílì kankan tó ń ti inú dífù dé ọ̀dọ̀ àwọn jọ́ìntì méjèèjì yìí. Gíríìsì bí ẹ̀kúnwọ́ kan tí wọ́n fi sí i lọ́jọ́ tí wọ́n tò ó pọ̀ ni yóò máa lò títí ayé rẹ̀. Gíríìsì náà dúdú, nítorí molybdenum disulfide tó wà nínú rẹ̀, èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ ojú irin kódà nígbà tí ìfúnpá bá ti tì gíríìsì fúnra rẹ̀ kúrò láàárín bọ́ọ̀lù àti ipa rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó dá a dúró ni rọ́bà tó ká léra ní ìpele-ìpele, tí bẹ́líìtì irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì dì lórí àti nídìí. Bí rọ́bà yẹn bá ya, yíyí táyà fúnra rẹ̀ ni yóò máa fọ́n gíríìsì síta. Ẹ ó rí i ní inú ríìmù àti lára sípíríńgì bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ni omi òjò àti iyanrìn yóò wọlé. Èròjà tí wọ́n ń pè ní quartz ló pọ̀ jù nínú iyanrìn, ó sì le ju irin tí wọ́n fi iná mú le fún àwọn bọ́ọ̀lù wọ̀nyẹn lọ. Awọ líle tó wà lójú ipa ibi tí bọ́ọ̀lù ń gbà kò nípọn ju mílímítà díẹ̀ lọ. Bí iyanrìn bá ti lọ̀ ọ́ gba ibẹ̀ kọjá, kòtò kéékèèké á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú ipa, bọ́ọ̀lù á máa já sínú wọn, ariwo kó-kó-kó tí gbogbo wa mọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé iye ìrìn tí ọkọ̀ ti rìn kọ́ ló ń pa ṣáàfù. Ṣáàfù tí rọ́bà rẹ̀ kò ya, tí gíríìsì rẹ̀ kò sì rí omi, lè bá ọkọ̀ dé kìlómítà 300,000 kó má ṣe ìjọ̀ngbọ̀n kankan. Èyí tí rọ́bà rẹ̀ ya lè bàjẹ́ láàárín àkókò òjò kan, ì báà jẹ́ tuntun. Iye tó wà lójú dáṣíbọọ̀dù tòkunbọ̀ kò tilẹ̀ ṣeé fi dájọ́. Ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, máìlì ló ń kà. Ẹni tó bá rí 180,000 níbẹ̀ tó pè é ní kìlómítà ti jẹ́ kí bí 110,000 bọ́ mọ́ ọn lójú, nítorí pé nǹkan bí kìlómítà 290,000 ni ọkọ̀ náà ti rìn. Ká má tilẹ̀ sọ ti àwọn tó ń dá òǹkà náà padà sẹ́yìn. Ẹ̀rí tó ṣeé gbára lé wà lábẹ́ ọkọ̀, lára rọ́bà, kì í ṣe lójú dáṣíbọọ̀dù.

Ẹni tó máa ń wo fídíò àtúnṣe ọkọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè ta kò mí níbí pé àwọn òyìnbó kì í fi rọ́bà ṣòfò àkókò. Odidi ṣáàfù tuntun ni wọ́n ń rà, wọ́n á sì ju ti àtijọ́ nù. Òótọ́ ni, ìwà wọn kò sì burú níbi tí wọ́n wà. Ní Amẹ́ríkà, wákàtí kan lọ́wọ́ mẹkáníìkì wọ́n gan-an. Láti pààrọ̀ rọ́bà, ó ní láti tú jọ́ìntì, kó fọ̀ ọ́, kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó fi gíríìsì sí i, kó tún un dì. Odidi ṣáàfù yára ju ìyẹn lọ, nítorí náà ṣáàfù olówó pọ́ọ́kú ń dín owó iṣẹ́ kù fún oníbàárà. Lọ́dọ̀ wa, òdìkejì ni. Láti oṣù kẹfà 2023 tí Báńkì Àpapọ̀ ti jọ̀wọ́ náírà fún ọjà, ohunkóhun tó bá ti ọkọ̀ ojú omi sọ̀ kalẹ̀ ti tẹ̀lé dọ́là gòkè, owó iṣẹ́ mẹkáníìkì kò sì lè sáré tó o. Ẹni tó bá ṣe ìṣirò ti Amẹ́ríkà ní Ìbàdàn yóò gba ìdáhùn tó bójú mu fún ẹlòmíràn.

Àtakò tó le ju ìyẹn lọ ni ti ẹni tó ní, ó dáa, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ti tú táyà, tí wọ́n tú apá ìsàlẹ̀, tí wọ́n ti fa ṣáàfù yọ, kí ló dé tí a kò kúkú fi tuntun sí i? Bí tuntun bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ gan-an, n kò ní jiyàn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ìgbà, tuntun tí owó wa ká kì í ṣe èyí. Ojúlówó irin kò yàtọ̀ sí ayédèrú lójú lásán; bí wọ́n ṣe mú un le, bí ipa bọ́ọ̀lù ṣe gún régé sí, àti irú rọ́bà tó wọ̀ ni ìyàtọ̀ wà, kò sì sí èyí tí páálí lè sọ fúnni nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀dùn ọkàn tó wọ́pọ̀ lórí àwọn ṣáàfù olówó pọ́ọ́kú ni pé ọkọ̀ á máa gbọ̀n lójú iná ìrìnnà, nínú gíà D, láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi sí i. Jọ́ìntì àtijọ́ tí irin rẹ̀ kò tíì jẹ sàn ju irú tuntun bẹ́ẹ̀ lọ, rọ́bà àti gíríìsì nìkan ló sì ń béèrè.

Báwo la ṣe wá fẹ́ mọ̀ pé irin kò tíì jẹ? Ibí ni owó ti ń ṣòfò jù, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Jọ́ìntì ìta tó ti jẹ máa ń dún bí a bá yí sítíárìn dé ìpẹ̀kun tí a sì tẹná. Ti inú kì í sábà dún bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ á máa gbọ̀n nígbà tí a bá tẹná lójú ọ̀nà tó tọ́, gbígbọ̀n náà á sì rọlẹ̀ bí a bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò. Bí gbígbọ̀n bá dúró sí ìyára kan pàtó, tí ẹsẹ̀ wa kò sì mú un pọ̀ tàbí dín in kù, ẹ lọ wo táyà àti ríìmù. Bó bá jẹ́ híhùn ni, tó ń ga bí ọkọ̀ ṣe ń yára, ẹ ronú kan bẹ́árìn táyà. Lẹ́yìn náà ẹ fi jáàkì gbé e, kí ẹ fi ọwọ́ kan di ọ̀pá ṣáàfù mú, kí ẹ fi ọ̀kan di jọ́ìntì fúnra rẹ̀ mú, kí ẹ yí wọn lòdì sí ara wọn. Ẹni tó bá kàn di táyà mú tó ń mì í yóò gbọ́ ìmì ti dífù mọ́ ọn, dífù tó dá pé náà sì ń mì díẹ̀. Èyí tó kù ni gíríìsì. Ẹ fi ìka méjì ra á níbi tó ti jáde: bó bá ṣì dúdú tó ń yọ̀ mùlọ̀mulọ, tí jọ́ìntì kò sì dún rí, ẹ tú u, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ fi rọ́bà tuntun sí i. Bó bá ń ta yanrìn-yanrìn lọ́wọ́, tàbí tó ti pọ́n bí omi àgbàrá, rọ́bà tuntun kò lè mú irin tó ti lọ padà bọ̀.

Ọ̀rọ̀ pikọ́ọ̀pù onífour-wheel tún ní ọgbọ́n tirẹ̀. Lórí irú Hilux àti Tacoma tí táyà ẹ̀yìn nìkan ń wa ọkọ̀ títí a ó fi fa four-wheel, ṣáàfù iwájú ń yí bí ọkọ̀ bá ti ń lọ, ṣùgbọ́n kò ru ẹrù kankan. Nítorí náà jọ́ìntì tó ti jẹ lè dákẹ́ fún oṣù púpọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ dán an wò, wọ́n á fa four-wheel lórí ọ̀dà, wọ́n á ṣẹ́ sítíárìn dópin, ọkọ̀ á máa gbọ̀n, á máa fà sẹ́yìn, wọ́n á sì ní ṣáàfù ti kú. Kì í ṣe ṣáàfù. Bí ọkọ̀ bá ń ya kọ́nà, ọ̀nà tí táyà iwájú ń rìn gùn ju ti ẹ̀yìn lọ, irú ọkọ̀ wọ̀nyí kò sì ní dífù láàárín iwájú àti ẹ̀yìn tí yóò gba ìyàtọ̀ náà. Lórí ilẹ̀ yẹ̀pẹ̀, táyà á yọ̀, wàhálà á tán. Lórí ọ̀dà kò ríbi yọ̀. Orí yẹ̀pẹ̀ ni kí ẹ ti dán an wò. Lórí àwọn Toyota bíi Tacoma àti 4Runner, bẹ́árìn kékeré kan tún wà nínú dífù tó gbé ṣáàfù ró. Bí òun bá jẹ, ẹ lè pààrọ̀ ṣáàfù lẹ́ẹ̀mejì kí gbígbọ̀n má lọ. Ẹni tó sì ti fi spacer gbé iwájú ọkọ̀ sókè nítorí ọ̀nà tí kò dáa, kó mọ̀ pé ṣáàfù rẹ̀ ti tẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ kódà nígbà tí ọkọ̀ dúró. Ìpele rọ́bà á máa ha ara wọn títí yóò fi lu, tuntun náà á sì gba ọ̀nà kan náà lọ.

Ká wá gbà pé irin ti lọ. Kí la ó rà? Ẹni tí owó rẹ̀ tó, kó ra ti ilé iṣẹ́. Fún àwa tó kù, mo fara mọ́ tòkunbọ̀ ojúlówó tí a yẹ̀ wò dáadáa ju tuntun tí a kò mọ orírun rẹ̀ lọ. Wọ́n kún Ládípọ̀ ní Mushin, wọ́n sì wà ní Gate ní Ìbàdàn. Ẹ gbé ti àtijọ́ lọ́wọ́ lọ, kí ẹ fi gígùn wọn wé ara wọn, kí ẹ ka eyín tó wà lórí-nídìí, kí ẹ sì wò bóyá òrùka ABS wà lára ti àtijọ́ tí kò sí lára ti ọ̀hún. Ẹ tẹ jọ́ìntì ìta dé ibi tó lè tẹ̀ dé kí ẹ yí i. Kò gbọdọ̀ há níbì kankan. Ẹ wo ẹnu ibi tí nọ́ọ̀tì ń wọ̀, bóyá òòlù ti fọ́ ọ. Ẹ wo ìpẹtà lábẹ́ bẹ́líìtì rọ́bà pẹ̀lú, nítorí pé àwọn ọkọ̀ tó ti apá àríwá Amẹ́ríkà àti Kánádà wá ti rin lórí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà nígbà yìnyín, iyọ̀ sì máa ń jẹ ọ̀pá ṣáàfù ní kọ̀rọ̀. Òótọ́ ni pé ohun tí ẹlòmíràn ti lò ni, a kò mọ bó ṣe lò ó. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí tòkunbọ̀ kankan wọ abẹ́ ọkọ̀ láì kọ́kọ́ tú u, kí a fi rọ́bà àti gíríìsì tuntun sí i. Owó ìyẹn gbọ́dọ̀ wà nínú iye tí a fi ń ná an. Mo yọ ẹnì kan sílẹ̀: ẹni tí pikọ́ọ̀pù rẹ̀ kì í fa four-wheel ju ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ lọ́dún. Tuntun olówó pọ́ọ́kú lè tó o, nítorí pé ẹrù tí yóò rù kò tó nǹkan. Ọgbọ́n kan tún wà tí àwọn tó ń lo Land Cruiser àtijọ́ máa ń dá, èyí tí áàsì iwájú rẹ̀ jẹ́ odidi irin kan: wọ́n á gbé jọ́ìntì ọ̀tún sí òsì, ti òsì sí ọ̀tún, kí ojú ipa tí kò tíì jẹ lè gba ẹrù. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ìfàsẹ́yìn ọjọ́ ìnáwó lásán ni.

Awakọ̀ èrò yóò ní, "Ó ṣì ń rìn, jẹ́ kó máa lọ." Ìdáhùn rẹ̀ dá lórí irú ọkọ̀. Lórí ọ̀pọ̀ Sienna, táyà iwájú nìkan ló ń fa ọkọ̀. Bí jọ́ìntì kan bá já, gbogbo agbára yóò gba ẹ̀gbẹ́ tó já lọ, ọkọ̀ kò ní sún mọ́. Èyí tó burú jù ni pé P kò ní dá a dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, nítorí pé inú gíà ni P ti ń di ọkọ̀ mú, ṣáàfù tó já kò sì so gíà pọ̀ mọ́ táyà mọ́. Bíréèkì ọwọ́ nìkan ló kù. Kí Sienna tó ti ń dún má kó èrò lọ sí ìrìn jíjìn. Lórí Hilux, táyà ẹ̀yìn lè gbé e dé ilé, a sì lè sún un di òpin oṣù. Ṣùgbọ́n kíyè sí i pé ti ọkọ̀ tó ti ń dún ni à ń sọ yìí, irin tirẹ̀ sì ti lọ, ìdúró kò tún lè bà á jẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ tó yẹ ká sáré bá ni èyí tí rọ́bà rẹ̀ ya lánàá tí kò tíì dún rárá. Òun gan-an ni awakọ̀ kì í fẹ́ gbé lọ sí ọgbà mẹkáníìkì, nítorí pé kò rí ohun tó ṣe é. Bí wọ́n bá ń pààrọ̀ óílì ẹ́ńjìnnì, tí ọkọ̀ ti wà lókè, ìṣẹ́jú méjì ló gbà láti fi tọ́ọ̀ṣì wo rọ́bà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò le, àmọ́ ìwọ̀nba ìwà àìbìkítà lè sọ ọ́ dòfo. Gíríìsì jọ́ìntì ni kí ó wọ inú jọ́ìntì, kì í ṣe ti bẹ́árìn tó wà nínú agolo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wáyà tí wọ́n fi ń di rọ́bà dípò bẹ́líìtì rẹ̀ yóò gé e ní kíákíá. Bí wọ́n bá ń fa ṣáàfù jáde, kí wọ́n má fà á níbi ọ̀pá, nítorí pé jọ́ìntì inú lè tú síta. Nọ́ọ̀tì ńlá tó wà láàárín táyà náà ní ìwọ̀n tó gbọ́dọ̀ le dé. Ti Tacoma 2005 sí 2015 jẹ́ 235 newton-mita, ìyẹn bí ìgbà tí a bá gbé ẹrù kìlógíráàmù 24 kọ́ òpin páìpù tó gùn ní mítà kan. Bí kò bá le tó, bẹ́árìn táyà ni yóò san gbèsè rẹ̀. Kí wọ́n sì pààrọ̀ óílì síìlì ẹnu dífù nígbà tí ṣáàfù bá ti jáde, nítorí pé eyín ṣáàfù lè ha á nígbà tó bá ń wọlé, dífù tó gbẹ sì wọ́n ju ṣáàfù méjì lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ wò ó: bí gíríìsì dúdú bá wà nínú ríìmù, bẹ́líìtì ìta kò dì, bó bá jẹ́ óílì tó ń rùn bí imí-ọjọ́ ló ń kán ní ẹnu dífù, síìlì ni, kí ẹ dá a padà fún ẹni tó ṣe é kó tó jò tán.